Bí Ọrùn Aṣọ Ṣe Ń Dúró Láìsí Táì: Ìtàn Kọ́là, Sítáàṣì àti Áyọ́ọ̀nù ní Ìlọrin

Kọ́là ni apá ṣẹ́ẹ̀tì tó yí ọrùn ká. Ẹ̀yà méjì ló ní: ìdí kọ́là, èyí tó jẹ́ ọ̀já tóóró tó rọ̀gbà yí ọrùn, àti ewé kọ́là, èyí tó ṣẹ́ wálẹ̀ láti òkè ọ̀já náà. Bí ẹni tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì bá so táì, táì yóò di ìdí kọ́là mú, yóò sì fún ewé rẹ̀ ní ohun tí yóò fara tì. Bí kò bá so táì, tó sì ṣí bọ́tìnnì òkè sílẹ̀, kọ́là ní láti dá dúró. Èyí tí kò lágbára yóò tẹ̀ sábẹ́ kóòtù tàbí kí etí rẹ̀ ká sókè, ẹ̀wù tó mọ́ tónítóní á sì dà bí èyí tí ẹnì kan wọ̀ sùn mọ́jú.

Ohun mẹ́ta ló ń fún kọ́là lágbára: ìtẹ́lẹ̀ tí aránṣọ fi sínú rẹ̀, sítáàṣì tí alágbàfọ̀ rẹ ẹ́ sí, àti ooru áyọ́ọ̀nù. Ní Ìlọrin, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Kwara, ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí kò dé nígbà kan náà, ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì gbà wọlé. Ìtẹ́lẹ̀ ti wà lára agbádá kí ṣẹ́ẹ̀tì tó di aṣọ ìlú. Ìmọ̀ bí èkọ ṣe ń mú òwú le ti wà lọ́wọ́ àwọn ahunṣọ kí sítáàṣì inú páálí tó dé ọjà. Áyọ́ọ̀nù nìkan ni àlejò tòótọ́. Nítorí náà, ìtàn kọ́là tó dúró láìsí táì ní Ìlọrin jẹ́ ìtàn bí iṣẹ́ ọwọ́ àtijọ́ ṣe gba aṣọ tuntun mọ́ra.

Ọrùn ẹ̀wù kí ṣẹ́ẹ̀tì tó dé

Ìlọrin di ìlú ńlá ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò Ọ̀yọ́, ló kẹ̀yìn sí Aláàfin, tó sì pe Ṣéú Àlímì, àáfà Fúlàní, láti ràn án lọ́wọ́. Lẹ́yìn àwọn méjèèjì, Abdulsalam ọmọ Àlímì di Ẹ́míà àkọ́kọ́, ìlú náà sì bọ́ sábẹ́ ìjọba Sókótó. Yorùbá, Fúlàní, Haúsá, Núpé àti Kànúrí ló kóra jọ síbẹ̀. Ìlú pín sí àdúgbò ńlá mẹ́rin tí Balógun kọ̀ọ̀kan ń ṣe olórí rẹ̀: Gàm̀bàrí, Fúlàní, Àjíkòbí àti Alánàámú. Ọ̀nà àwọn oníṣòwò tó ń ti ilẹ̀ Haúsá lọ sí etíkun gba ibẹ̀ kọjá, nítorí náà, aṣọ àti ọ̀nà ìránṣọ láti òkè ọya àti láti ìsàlẹ̀ pàdé ní ìlú kan ṣoṣo.

Iṣẹ́ aṣọ híhun gbilẹ̀ gidigidi níbẹ̀. Lórí òfì àwọn ọkùnrin, aṣọ tóóró tí ìbú rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10 ni wọ́n ń hun. Aránṣọ ló ń gán wọn pọ̀ létí létí títí yóò fi di ẹ̀wù. Ẹtù, àlàárì àti sányán ni aṣọ àwọn ọlọ́lá. Àlùfáà Samuel Johnson, tó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, ìwé tó jáde ní 1921 lẹ́yìn ikú rẹ̀, to orúkọ àwọn ẹ̀wù ìgbà náà lẹ́sẹẹsẹ: kúkùmọ̀, gbárìyẹ̀, sùlíyà, agbádá, gírìkẹ̀ àti dàńdógó. Kò sí èyí tó ní kọ́là nínú wọn. Ihò ọrùn tí wọ́n là wálẹ̀ sí àyà ni gbogbo wọn ní.

Àìní kọ́là kò sọ ọrùn ẹ̀wù wọ̀nyí di ohun yẹpẹrẹ. Agbádá tó fẹ̀, tó sì nípọn, ọrùn àti èjìká ló fi gbogbo ìwúwo rẹ̀ kọ́. Bí etí ihò ọrùn bá jẹ́ aṣọ ẹyọ kan lásán, yóò fà, yóò sọ̀, yóò sì ya láìpẹ́. Ìdí nìyẹn tí aránṣọ fi ń gbé aṣọ mìíràn tẹ́ ẹ̀yìn ọrùn àti àyà, tí oníṣẹ́ abẹ́rẹ́ á wá fi òwú ran iṣẹ́ ọnà líle gba orí méjèèjì kọjá. Ìtẹ́lẹ̀ àti òwú tó wọnú ara wọn yìí ló ń mú kí etí ọrùn dúró gbọnyin, kí àyà agbádá sì tẹ́jú nígbà tí ìyókù ẹ̀wù bá ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Ẹwà ni aráyé ń rí lójú iṣẹ́ ọnà náà, ṣùgbọ́n agbára ni iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́.

Ilẹ̀ Haúsá àti Núpé ni irú iṣẹ́ ọrùn bẹ́ẹ̀ ti gbajúmọ̀ jù. Àwọn Haúsá ní àwòrán tí wọ́n ń pè ní ọ̀bẹ méjì àti ọ̀bẹ mẹ́jọ, nítorí àwọn igun ṣóńṣó tó rọ̀ wálẹ̀ láti ọrùn sí àyà. Bída, olú-ìlú Núpé, kò jìnnà sí Ìlọrin, ẹ̀wù olónà sì wà lára ohun tí wọ́n ń tà láàárín ìlú méjèèjì. Láàárín àwọn Haúsá àti Núpé, àwọn máàlámù wà lára àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ́rẹ́ yìí, nítorí pé ó ṣeé ṣe ní ìjókòó, ní ilé, láàárín ẹ̀kọ́ kan sí èkejì. Ìlọrin, ìlú àáfà àti ilé kéwú, jẹ́ ilẹ̀ ọlọ́ràá fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Èkọ, òòlù àti ẹ̀gẹ́

Ahunṣọ ni ẹni àkọ́kọ́ tó nílò òwú líle. Òwú tí wọ́n na sórí òfì ń fara gbo ara wọn lójoojúmọ́, èyí tí kò bá sì le yóò hu irun, yóò já. Èyí ló mú kí àwọn ahunṣọ Yorùbá máa fi èkọ ṣíṣàn ra òwú, tí wọ́n á sá a títí yóò fi gan, kí wọ́n tó ta á sórí òfì. Aṣọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí òfì máa ń gan nítorí èkọ tó wà nínú rẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni lílu aṣọ. Ní Kano, níbi tí arìnrìn-àjò ará Ṣotíláńdì náà, Hugh Clapperton, dé ní oṣù kìíní 1824, àwọn oníṣẹ́ wà tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n fi òòlù igi lu aṣọ aláró lórí ìtì igi títí yóò fi tẹ́ pẹrẹsẹ, tí yóò sì máa dán. Àwọn ará Kúrà nítòsí Kano di olókìkí nínú iṣẹ́ náà, láwàní dídán tí wọ́n ń lù sì tàn ká gbogbo ìlú tí ìjọba Sókótó dé. Àwọn Yorùbá náà ń lu aṣọ aláró lórí igi kí wọ́n tó ká a fún títà. Lílù ń ṣe ohun tí áyọ́ọ̀nù wá ń ṣe lẹ́yìnwá: ó ń tẹ òwú mọ́lẹ̀, ó ń pa ojú aṣọ dé, ó sì ń mú kí ìlà ìṣẹ́po aṣọ hàn kedere.

Ẹ̀gẹ́ ló yí ọ̀ràn sítáàṣì padà. Láti Bràsíì ni àwọn ará Potogí ti gbé e wá sí etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ṣùgbọ́n ọ̀rúndún kọkàndínlógún ló tó tàn ká àárín gbùngbùn ilẹ̀ Yorùbá, nígbà tí àwọn tó padà dé láti Bràsíì àti Sàró fi gaàrí ṣíṣe kọ́ àwọn ènìyàn. Ibi tí gaàrí bá wà, sítáàṣì wà níbẹ̀. Wọ́n á bó ẹ̀gẹ́, wọ́n á rin ín, wọ́n á da omi lé e, wọ́n á sì fi aṣọ tó mọ́ sẹ́ ẹ. Omi funfun tó jáde yóò wà lójú kan di ọjọ́ kejì. Ohun tó tòrò sísàlẹ̀ ni sítáàṣì. Wọ́n lè lò ó ní tútù, wọ́n sì lè sá a kó gbẹ, kí ó di ìyẹ̀fun tí yóò pẹ́ nílẹ̀. Ohun tó jáde lára ẹ̀gẹ́ yìí náà ni àwọn aláàdìrẹ Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn fi ń ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ, nítorí pé aró kì í ríbi gbà wọ aṣọ ní ojú ibi tí ó bá ti gan mọ́.

Ìdí tí sítáàṣì fi ń mú aṣọ le kò ṣòro láti yé ènìyàn. Ṣúgà tó so kọ́ra lọ́nà gígùn ni sítáàṣì, ó sì wà ní oríṣi méjì: èyí tó gùn gbọọrọ àti èyí tó ní ẹ̀ka. Nínú omi tútù, hóró rẹ̀ kàn ń léfòó ni, yóò sì tòrò. Bí omi náà bá gbóná tó ìwọ̀n 60 sí 70 lórí òṣùwọ̀n Celsius, àwọn hóró ẹ̀gẹ́ yóò fa omi mu, wọn yóò wú, wọn yóò bẹ́, gbogbo rẹ̀ yóò sì di èkọ tó ń fà. Nígbà tí aṣọ bá mu èkọ yìí, ó ń wọ àárín òwú kan sí òmíràn; bí ó bá gbẹ, ó di awọ tín-ín-rín tí kò jẹ́ kí òwú yẹ̀ lórí ara wọn. Líle aṣọ kò sì ju èyí lọ: òwú tí kò lè yẹ̀ kò lè ká. Òwú gidi ló ń mu sítáàṣì dáadáa nítorí pé ó fẹ́ràn omi. Aṣọ pólísítà kì í mu omi, nítorí náà sítáàṣì kì í dúró lára rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọkọ̀ ojú irin, ṣẹ́ẹ̀tì àti áyọ́ọ̀nù

Ní oṣù kìíní 1897, àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company, tí George Goldie jẹ́ olórí rẹ̀, ṣẹ́gun Bída, wọ́n sì ṣẹ́gun Ìlọrin tẹ̀ lé e. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1900, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba agbègbè náà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ yìí, Ìlọrin sì di ara Àríwá Nàìjíríà. Rélùwéè tó ti Èkó bọ̀ dé Ìbàdàn, ó dé Òṣogbo, ó sì wọ Ìlọrin ní 1908. Ọkọ̀ ojú irin yìí kó akọ̀wé, oníṣẹ́ rélùwéè, oníṣòwò àti olùkọ́ wá, púpọ̀ nínú wọn sì ti mọ ṣẹ́ẹ̀tì àti kọ́là láti Èkó.

Kọ́là tí ayé ń wọ̀ nígbà náà kì í rọ̀ rárá. Ìtàn tó gbajúmọ̀ ní ìlú Troy, ní ìpínlẹ̀ New York ní Amẹ́ríkà, ni pé ní 1827 ni Hannah Lord Montague gé kọ́là kúrò lára ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ rẹ̀ kí ó lè máa fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀. Láti ibẹ̀ ni kọ́là tí wọ́n ń yọ, tí wọ́n sì ń fi bọ́tìnnì kékeré kọ́ mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ti di òwò ńlá, títí àwọn ènìyàn fi ń pe Troy ní ìlú kọ́là. Ní Hull, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Isaac Reckitt bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe sítáàṣì ní 1840. Kọ́là tí wọ́n rẹ sínú sítáàṣì líle, tí wọ́n sì fi ooru lọ̀, lè dá dúró lórí tábìlì. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní ni kọ́là rírọ̀ tó so mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì wá borí. Ìgbà tí kọ́là rọ̀ ni ọ̀rọ̀ bí yóò ṣe dúró láìsí táì di ìṣòro.

Ní Èkó, kọ́là àti táì di ọ̀ràn àríyànjiyàn. Láàárín ọdún 1890 sí 1900, àwọn ọ̀mọ̀wé bíi Mojola Agbebi, tó fi orúkọ David Vincent sílẹ̀ ní 1894, bọ́ aṣọ òyìnbó sílẹ̀, wọ́n sì gbé aṣọ ìbílẹ̀ wọ̀ ní gbangba láti fi hàn pé àwọn kì í ṣe òyìnbó. Ní Ìlọrin, kò sí ohun tó fa irú ìpinnu bẹ́ẹ̀. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Àríwá gba ọwọ́ Ẹ́míà àti àwọn ìjòyè rẹ̀ ṣàkóso, àwọn wọ̀nyí kò sì fìgbà kan bọ́ agbádá àti láwàní. Ẹni iyì ìlú ń lọ sí ìrun Jímọ̀ àti Ìdí pẹ̀lú ẹ̀wù ńlá. Ṣẹ́ẹ̀tì wọlé gẹ́gẹ́ bí aṣọ iṣẹ́ àti aṣọ abẹ́ agbádá, táì kò sì rí ọrùn púpọ̀ so mọ́. Ohun tí ará Ìlọrin ń béèrè lọ́wọ́ kọ́là láti ìbẹ̀rẹ̀ ni pé kí ó dá dúró.

Iṣẹ́ ogun àti ọlọ́pàá tún fi kún un. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun West African Frontier Force, tí Frederick Lugard kó jọ ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ní ibùdó ní Jẹ́bà, ìlú tó wà ní Kwara lónìí. Kákí di aṣọ iṣẹ́ àwọn ọmọ ogun, àti ti ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba mìíràn lẹ́yìn wọn. Kákí tó gba sítáàṣì tó, tí ìlà apá rẹ̀ mú bí abẹ, tí ọrùn rẹ̀ sì ṣí láìsí táì nítorí ooru, di àpẹẹrẹ ọmọlúàbí oníṣẹ́ ìjọba. Títí di òní, ibùdó ológun Sóbì wà ní ìhà àríwá ìlú, àwọn alágbàfọ̀ ìlú sì mọ kákí lílọ̀ dunjú.

Áyọ́ọ̀nù tó bá ìgbà yìí dé jẹ́ oríṣi méjì. Àkọ́kọ́ ni irin tó dì tí wọ́n ń gbé kaná. Alágbàfọ̀ máa ń ní méjì, ọ̀kan wà lórí iná nígbà tí èkejì ń ṣiṣẹ́. Èkejì ni áyọ́ọ̀nù eléèédú, àpótí irin olómorí tí wọ́n ń kó ẹyin iná sínú rẹ̀. Ó ní ihò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, ọwọ́ igi ló ní lókè, ère àkùkọ kékeré ló sì sábà máa ń wà lórí ohun tí wọ́n fi ń há ìdérí rẹ̀. Ilẹ̀ Kwara, ilẹ̀ ọ̀dàn tó ní igi emi àti àwọn igi líle mìíràn, kò ṣaláìní èédú. Henry Seeley ti gba ìwé àṣẹ fún áyọ́ọ̀nù oníná mànàmáná ní Amẹ́ríkà ní 1882, ṣùgbọ́n eléèédú ló jọba ní Ìlọrin fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kódà lẹ́yìn tí wọ́n ṣí ìdídò Kainji lórí Odò Ọya ní 1969, ọ̀pọ̀ alágbàfọ̀ kò jù ú nù, nítorí pé kì í dúró de iná ìjọba, ìwúwo rẹ̀ sì ń bá ọwọ́ tẹ aṣọ.

Àwọn ọmọ ilé-ìwé náà kọ́ ìmọ̀ yìí. Provincial School tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1914, tó di Government Secondary School, Ìlọrin, wà lára ibi tí ọmọkùnrin ti ń tọ́jú aṣọ ara rẹ̀. Ẹni tí kò ní áyọ́ọ̀nù á wọ́n omi sí aṣọ, á ká a dáadáa lójú ìlà rẹ̀, á tẹ́ ẹ sábẹ́ ẹní tàbí tìmùtìmù, á sì sùn lé e. Ìwúwo ara àti ooru ara á ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ irin.

Iṣẹ́ alágbàfọ̀

Alágbàfọ̀ ni ẹni tó so sítáàṣì àti áyọ́ọ̀nù pọ̀ di iṣẹ́ òòjọ́. Fífọ̀ kọ́là ni ó kọ́kọ́ ń dojú kọ. Òógùn àti epo ara ọrùn ń kóra jọ sí ojú ìlà ìṣẹ́po kọ́là, eruku ọyẹ́ sì ń lẹ̀ mọ́ ọn. Alágbàfọ̀ tó mọṣẹ́ á fi ọṣẹ ra ojú ìlà náà, á fi í sílẹ̀ díẹ̀, á wá fi ọwọ́ rin ín láti etí wá sí àárín. Bí ó bá fi búrọ́ọ̀ṣì líle họ ọ́, òwú ojú ìlà á já kí ìyókù ṣẹ́ẹ̀tì tó gbó. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀, aránṣọ lè tú kọ́là, kí ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ síwájú, kí ó sì tún un rán, ọgbọ́n tó ti fa ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ṣẹ́ẹ̀tì gùn.

Lẹ́yìn fífọ̀ ni wọ́n ń fi omi búlúù ṣan aṣọ funfun kí ó lè tàn, lẹ́yìn èyí ni sítáàṣì. Omi tútù ni wọ́n fi ń po sítáàṣì kí ó má baà ṣù. Omi híhó ni wọ́n ń dà lé e lẹ́yìn náà, tí wọ́n á máa rò ó títí yóò fi dán. Àwọn kan ń yọ́ àbẹ́là díẹ̀ sínú rẹ̀ kí áyọ́ọ̀nù má baà lẹ̀. Wọ́n á sẹ́ ẹ, nítorí pé kókó kan ṣoṣo ti tó láti fi àmì sílẹ̀ lójú kọ́là. Gbogbo ṣẹ́ẹ̀tì kò nílò ìwọ̀n kan náà: wọ́n ń la èkọ díẹ̀ fún ara ẹ̀wù, wọ́n sì ń fi èyí tó ki ra kọ́là, etí apá àti ibi tí bọ́tìnnì wà. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń tẹ èkọ náà wọnú kọ́là kí ó lè dé ìtẹ́lẹ̀ inú. Èyí tó bá dúró sójú nìkan á bó nígbà tí irin bá gbà á lórí.

Kí kọ́là tó gbẹ pátápátá ló yẹ kí wọ́n lọ̀ ọ́. Bí ó bá ti gan, wọ́n á wọ́n omi sí i, wọ́n á sì ká a pọ̀ kí ọ̀rinrin lè dé ibi gbogbo. Ẹ̀yìn kọ́là ni wọ́n ń kọ́kọ́ lọ̀, láti etí méjèèjì wá sí àárín, lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti àárín lọ sí etí yóò ti aṣọ tó ṣẹ́ kù lọ sí ṣóńṣó, ibẹ̀ ni yóò sì hunjọ sí, níbi tí ojú gbogbo ènìyàn ń wò. Irin gbígbóná ń sọ omi inú èkọ di oruku, ó ń tẹ sítáàṣì mọ́ òwú, ó sì ń mú un dán. Nígbà tí kọ́là ṣì gbóná ni wọ́n ń ṣẹ́ ewé rẹ̀ wálẹ̀, tí wọ́n á sì fi ìka tọ ìlà rẹ̀ yí ká bí yóò ṣe rí lọ́rùn. Bí ó bá tutù ní ìrísí yìí, ó gba ìrísí náà nìyẹn títí di ìgbà tí wọ́n yóò tún fọ̀ ọ́. Wọn kì í fi áyọ́ọ̀nù tẹ ìlà ìṣẹ́po náà pa, nítorí pé kọ́là tí ìlà rẹ̀ kú kì í gbérí sókè mọ́.

Ojú ọjọ́ Ìlọrin kò gbẹ́yìn nínú iṣẹ́ yìí. Ní ìgbà ọyẹ́, láti nǹkan bí oṣù kọkànlá sí oṣù kejì, afẹ́fẹ́ gbẹ, sítáàṣì díẹ̀ sì ti tó. Ní ìgbà òjò, sítáàṣì ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ padà, kọ́là tó le lówùúrọ̀ sì lè rọ̀ lọ́sàn-án. Alágbàfọ̀ ń mú èkọ rẹ̀ ki sí i nígbà náà, ó sì ń jẹ́ kí aṣọ tutù dáadáa kúrò nínú ooru irin kí ó tó ká a, kí ewú má baà mú un. Sítáàṣì jẹ́ oúnjẹ, aáyán àti kòkòrò mìíràn sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Aṣọ tí wọn kò ní í wọ̀ fún oṣù mélòó kan, láìfi sítáàṣì sí i ni wọ́n ń kó o pamọ́.

Kọ́là àwọn agbẹjọ́rò

Ibì kan wà ní Ìlọrin tí kọ́là líle ọ̀rúndún kọkàndínlógún kò ti kú: ilé-ẹjọ́. Agbẹjọ́rò Nàìjíríà kì í so táì pẹ̀lú gáùn. Kọ́là funfun tó ga, tí etí rẹ̀ méjèèjì ṣẹ́ síta níwájú, ló ń wọ̀, aṣọ funfun tóóró méjì ló sì ń rọ̀ sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Àṣà yìí ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá pẹ̀lú Christopher Sapara Williams, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di agbẹjọ́rò, tí wọ́n gbà wọlé sí iṣẹ́ náà ní 1879.

Ìlọrin ní ipò pàtàkì nínú ìtàn iṣẹ́ òfin ní Àríwá. Abdul-Ganiyu Folorunsho Abdul-Razaq, ọmọ Ìlọrin, ni agbẹjọ́rò àkọ́kọ́ láti Àríwá Nàìjíríà. 1955 ni ó wọ iṣẹ́ náà. Mustapha Akanbi, ọmọ ìlú náà bákan náà, ṣe olórí Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn láti 1992 sí 1999, Alfa Belgore sì di Adájọ́ Àgbà Nàìjíríà ní 2006. Níbi tí agbẹjọ́rò bá pọ̀ sí, alágbàfọ̀ tó mọ kọ́là líle kì í wọ́n. Kọ́là wọ̀nyí ń gba sítáàṣì ju ti ṣẹ́ẹ̀tì lásán lọ, nítorí pé kò sí ewé tó ṣẹ́ wálẹ̀ láti gbé e ró. Òun nìkan ló dúró yí ọrùn ká. Wọ́n ń lọ̀ ọ́ ní títẹ́jú, wọ́n á sì ká a róbótó nígbà tó ṣì gbóná kí ó lè gba ìrísí ọrùn. Lóde òní, àwọn kan ń ra èyí tí wọ́n fi ike tàbí páálí líle tẹ́ nínú, tí kò nílò ju kí wọ́n fi aṣọ tútù nù ún.

Láti sàfárì dé kàfìtáànì

Wọ́n dá ìpínlẹ̀ tí Ìlọrin jẹ́ olú-ìlú rẹ̀ sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún 1967, ó sì di Kwara lẹ́yìn náà. Ní 1975, ilé-ẹ̀kọ́ gíga tó di Yunifásítì Ìlọrin bẹ̀rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba, olùkọ́ àti oníbáńkì pọ̀ sí i, aṣọ tí ọ̀pọ̀ nínú wọn yàn láàyò ní àwọn ọdún 1970 àti 1980 sì ni sàfárì, èyí tí àwọn ènìyàn tún ń pè ní Faransé súùtù. Ẹ̀wù alápá kúkúrú àti ṣòkòtò tí wọ́n rán láti ara aṣọ kan náà ni; kọ́là rẹ̀ ṣí, kò sì ní ààyè fún táì. Ààrẹ Zambia, Kenneth Kaunda, wọ irú rẹ̀ títí orúkọ rẹ̀ fi mọ́ ọn lára. Aṣọ yìí gbé gbogbo iṣẹ́ lé aránṣọ lọ́wọ́. Bí kọ́là sàfárì kò bá ní ìtẹ́lẹ̀ tó dára, kò sí táì tí yóò bo àléébù rẹ̀.

Ìtẹ́lẹ̀ pàápàá ti yí padà. Tẹ́lẹ̀, aṣọ òwú tó nípọn ni aránṣọ ń gé sí àárín ojú àti ẹ̀yìn kọ́là. Aránṣọ tó mọṣẹ́ ń rẹ ẹ́ sínú omi kí ó tó gé e, nítorí pé bí ìtẹ́lẹ̀ bá sún kì ju ojú aṣọ lọ lẹ́yìn fífọ̀, ojú kọ́là á wú. Ní 1930 ni Sanford Cluett ṣe ọ̀nà tí ilé-iṣẹ́ fi ń sún aṣọ kì kó tó dé ọjà, ó sì dín ìṣòro yìí kù jákèjádò ayé. Lẹ́yìn náà ni ìtẹ́lẹ̀ alágọ́ọ̀mù dé, èyí tí àwọn aránṣọ ń pè ní sítéè. Ooru áyọ́ọ̀nù ń yọ́ gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ. Oríṣi líle wà fún kọ́là, oríṣi rírọ̀ wà fún àyà ẹ̀wù. Aránṣọ á gé e kéré díẹ̀ sí kọ́là kí ó má baà ṣù sí ojú rírán, á gé igun rẹ̀ kúrò kí ṣóńṣó lè mú, á sì fi ìlà rírán kan yí etí rẹ̀ ká. Àwọn ṣẹ́ẹ̀tì kan tún ní àpò kékeré lẹ́yìn ewé kọ́là tí wọ́n ń ki ike pẹlẹbẹ bọ̀ kí ṣóńṣó rẹ̀ má baà ká. Yíyọ ni wọ́n ń yọ ọ́ kí wọ́n tó fọ aṣọ tàbí kí wọ́n tó lọ̀ ọ́.

Ìmọ̀ kan náà ló gbé kàfìtáànì àti ẹ̀wù tí gbogbo ènìyàn ń pè ní sẹ́nétọ̀ ró, àwọn aṣọ tó gbòde ní Ìlọrin láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkànlélógún. Ọrùn ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ìdí kọ́là nìkan, ọ̀já tó dúró ṣánṣán yí ọrùn ká láìní ewé. Wọ́n ń rán an láti ara gínì, aṣọ olówó iyebíye tí ilé-iṣẹ́ Getzner, tó wà ní Bludenz ní ilẹ̀ Ọ́síríà láti 1818, wà lára àwọn tó ń hun ún fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Gínì fẹ́ràn sítáàṣì gidigidi. Ní Bamako ní Mali, àwọn oníṣẹ́ ṣì ń fi òòlù igi lù ú lẹ́yìn sítáàṣì títí yóò fi máa dán, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń lu aṣọ ní Kano ní ìgbà Clapperton.

Nígbà Ìdí, nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin bá ń jó níwájú ààfin Ẹ́míà, gbogbo oríṣi ọrùn aṣọ tí ìlú náà ti mọ̀ ló máa ń wà ní ìta lẹ́ẹ̀kan náà: agbádá olónà, kàfìtáànì ọlọ́rùn ṣánṣán, ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí kọ́là rẹ̀ ṣí, kákí àwọn agbófinró. Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀ ni Yorùbá wí, ọrùn sì ni ojú kọ́kọ́ ń bà lára aṣọ. Ohun tó so gbogbo wọn pọ̀ kò yí padà láti ayé àwọn ahunṣọ àkọ́kọ́. Aṣọ tí wọ́n bá tẹ́ nínú dáadáa, tí wọ́n fi èkọ tó yẹ mú òwú rẹ̀ le, tí wọ́n sì tẹ̀ ní ìrísí tó yẹ nígbà tí ọ̀rinrin ṣì wà lára rẹ̀, kò nílò ohun mìíràn lọ́rùn láti dúró.